Àtàǹpàkò Tí Iná Kò Wọ̀

Láti àárọ̀ ni ara ti ń fu Ìyá Oníná. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń mójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan iná pupa sí ẹsẹ̀ wọn nílé ìwòsàn. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi í yangàn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò le láti ṣàlàyé. Iná pupa á wọnú awọ, á kọlu ẹran níhìn-ín, á kọlù ú lọ́hùn-ún, á fọ́n káàkiri, ìwọ̀nba tó bá padà jáde ni kámẹ́rà ń wò. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń sàn, ìmọ́lẹ̀ tó padà á máa gbọ̀n, kọ̀ǹpútà á kùn ún ní pupa. Níbi tí nǹkan kan ò bá ti mira, á kùn ún láró.

Bàbá Oní-Táìsì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ogójì ọdún ló fi kúnlẹ̀ nínú ilé onílé tó ń to táìsì, kí ìtọ̀ ṣúgà tó dé bá a. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ìyá Oníná ló ya àwòrán ìyẹn. Ní báyìí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ló tún di aró lójú kọ̀ǹpútà, dókítà oníṣẹ́ abẹ sì ti ní kí wọ́n gé e lọ́la.

Ohun méjì ni ọkàn obìnrin náà kò gbà. Ìka náà gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹran tó bá ti kú máa ń tutù ni. Dókítà ní ọyún ló ń mú un gbóná, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà aró náà gún régé. Ìyá Oníná ti rí ẹran tó kú kọjá kíkà, kò tíì rí èyí tó fi rúlà kú. Ejò lọ́wọ́ nínú.

Ó kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ. Ó ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ abẹ́ iná, ọwọ́ náà pupa fòò lójú kọ̀ǹpútà. Ó wá fura sí ọmọ bàbá náà, tíṣà kan tí kì í jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Ó rán an lọ mú fáìlì wá nísàlẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjì, ó ní òun fẹ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ náà. Kíá ni bàbá ká ẹsẹ̀ kò bí ìgbín. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́ nílé, kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

“Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ fi síbẹ̀?”

Àgbàlagbà náà wo ẹnu ọ̀nà kó tó fèsì.

“Ẹ má sọ fún ọmọ mi o. Ó ti ní n kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ló là níbi iṣẹ́, mo wá fi sìmẹ́ǹtì tá a fi ń dí àárín táìsì dí i. Mo fi téèpù yí i ká kó má bàa ta kọjá. Mo po àwọ̀ rẹ̀ títí ó fi bá ara mi mu.” Ó ń tijú, síbẹ̀ ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn.

Ọ̀rọ̀ yé Ìyá Oníná. Inú sìmẹ́ǹtì ni iná ti ń fọ́n ká, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́rí padà láì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó rẹ ìka náà sómi, ó rọra ń ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì tún tan iná. Pupa bo àtàǹpàkò náà látòkè délẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà pe dókítà lórí fóònù pé kó má gé nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ọmọ bàbá gbé fáìlì dé. Ìyá Oníná ṣí i láti fi àwòrán tuntun sí i, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí tọdún tó kọjá. Ọmọńdinrín náà nìyẹn, aró, ààlà rẹ̀ gún régé bíi ti àtàǹpàkò. Òun ló buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ìtìjú mú un.

Ó gbójú sókè wo bàbá. Bàbá ti dẹ́kun ẹ̀rín. Ó rọra fa ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ aṣọ ìbora.

“Kí ló dé?” ọmọ rẹ̀ bi wọ́n.

Ìyá Oníná pa fáìlì náà dé mọ́ àwòrán ọmọńdinrín.