Ẹ̀yìn Olobe Etí Oko Divakaran

Ìyá ọkọ mi kì í bẹ ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ kí o jókòó, ẹsẹ̀ ni yóò fi ti àpótí sọ́dọ̀ rẹ. Chirutha ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọ ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Sukumaran, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀ lójú gbogbo àlejò, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó. Ṣé ìwé ni wọ́n ń fún ọ jẹ nílé yín ni?"

Ohun tó fà á ni pé mo parí ilé ẹ̀kọ́, mo sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé ìwòsàn kan nígboro, níbi tí mo ti ń to oògùn sórí pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ìyàwó Oníwèé. Vilasini tí àwọn òbí mi sọ mí, kì í pè é.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ìyá ọkọ mi ń wò. Kò wo nǹkan mìíràn. Bí o bá gbé apá tó kán wá, yóò júwe ilé ẹlòmíràn fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ojú ènìyàn bá pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi àjó kùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí tíì tí kò ní wàrà, Chirutha ni wọ́n ń gbé e wá bá, láti abúlé wa títí dé òdìkejì odò. Ewé kan ṣoṣo ló ń lò, ẹ̀yìn olobe, ewéko kékeré tí òjò àkọ́kọ́ máa ń hù jáde létí oko ìrẹsì, tó ń pọn èso wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ bí abiyamọ. Ó wà nínú ìwé Àyúrífẹ́dà, ìṣègùn àwọn àgbà ilẹ̀ wa. Dókítà ìbílẹ̀ tó wà nígboro náà ń lò ó, ṣùgbọ́n inú ìgò ni tirẹ̀ ń gbé. Chirutha kò mọ ìwé kà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Yóò jí ní ìdájí, yóò fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, yóò fọ̀ ọ́ lómi méje, yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, yóò pò ó mọ́ wàrà màlúù. Aláìsàn yóò mu ún lófìfo ikùn fún àárọ̀ méje. Kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ òróró. Chirutha kì í gba kọ́bọ̀.

Èmi kò gbà á gbọ́. Mo máa ń dákẹ́ ni.

Nígbà tó di ọdún kẹta tí mo dé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Divakaran háyà gbogbo òkè tó wà lókè oko ìrẹsì wa. Ó gé igi rọ́bà àtijọ́ ibẹ̀, ó gbin ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó gba ènìyàn púpọ̀ síṣẹ́, Sukumaran sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn, kó máa fín oògùn apakoríko. Bí ó bá délé nírọ̀lẹ́, òórùn oògùn náà a wọlé ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a ní, "Lọ wẹ̀ kí o tó bá mi sọ̀rọ̀. Ò ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù onírin."

Nínú òjò ọdún yẹn ni ibà náà mú Bhargavi, aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tíì. Ọkọ rẹ̀ gbé e wá. Chirutha wo ojú rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ewé. Ọjọ́ kìíní dára. Ọjọ́ kejì dára. Ní ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ Bhargavi ń lu ilẹ̀kùn wa bí ẹni fẹ́ wó o.

"Kí lẹ fún ìyàwó mi? Ẹnu rẹ̀ ti bó! Kò yéé bì! Chirutha, kí lẹ fún un?"

Wọ́n fi jíìpù gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kó tó lè gbé omi mì láìsunkún. Ó yè, àmọ́ kí ó tó délé, ìròyìn ti gba abúlé kan. Ní ṣọ́ọ̀bù tíì, Divakaran ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè orúnkún, ó ní, "Ẹ má bá ìyá yẹn wí. Ọjọ́ ogbó ni. Ojú tí kò ríran mọ́, ewé wo ni kò lè já?" Gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Aláìsàn kan tó wà lọ́nà ilé wa ṣẹ́rí padà.

Èmi náà rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín nítorí pé mi ò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Chirutha títí dòní.

Ìyá ọkọ mi kò sunkún. Ìyókù ìdì ewé tó já ní ìdájí ọjọ́ kẹta yẹn ṣì wà nínú agbọ̀n. Ó tú u sílẹ̀ lórí ẹní, ó ń yí i wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn olobe ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ewé àjèjì kankan níbẹ̀. Kí n tó mọ̀, ó ti gbé díẹ̀ sórí ọlọ, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti dà á mu.

"Ìyá! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí mo fún ọmọ ọlọ́mọ."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ètè rẹ̀ ti wú. Ahọ́n rẹ̀ ti bó. Ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fi ṣíbí bu omi ìrẹsì sí i lẹ́nu, ó sì ń fi ọwọ́ gbá ṣíbí náà dànù nítorí pé kò fẹ́ kí n rí i bó ti ń dùn ún tó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ló jókòó tì wá níbi oúnjẹ, ó sì là á fún wa, "Ewé kò ṣe é. Ènìyàn ni. Ẹnìkan da nǹkan sórí rẹ̀."

Ẹ̀gẹ́ àti ẹja ni Sukumaran ń jẹ. Ó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá, èmi ni."

Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ọ̀gá ní ká fín etí oko ìrẹsì títí dé ojú omi, kí koríko má baà gòkè wá bá ọ̀pẹ̀yìnbó òun. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ lẹ ti ń já ewé. Ó bi mí pé ṣé ìyá mi ló gba òun síṣẹ́ ni."

"Ọjọ́ wo?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé Bhargavi lọ sílé ìwòsàn."

"O rí i tí mo gbé agbọ̀n jáde ní ìdájí."

"Mo rí yín. Ẹ̀rù bà mí, Ìyá. Mo rò pé òjò ti fọ̀ ọ́ dànù."

Mo rò pé Chirutha yóò gbá a létí. Ó ní, "O bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o kò bẹ̀rù kí Bhargavi kú. Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, èmi ni kí o máa bẹ̀rù." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó Oníwèé, mú ìwé rẹ wá. Kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má fi ṣúgà sí i."

Mo kọ ọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Sukumaran náà fọwọ́ sí i. Mo gbé ìwé náà lọ fún alága ìgbìmọ̀ abúlé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Subhadra. Ó sì dá ọjọ́ ìpàdé.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, Divakaran rán fọ́máànù rẹ̀ sí wa. Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ra. Ó ní ọ̀gá sọ pé òun yóò fún Màmá ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé òun, kí wọ́n máa gbin ewé wọn síbẹ̀, òun yóò tilẹ̀ fi wáyà yí i ká. Kí Màmá ṣáà yọ ìwé yẹn.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ," ni Chirutha wí, "pé èmi kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ èékàn lẹ́yìn ilé. Kí ó fi wáyà yẹn yí ara rẹ̀ ká."

"Màmá, ẹ rò ó dáadáa. Ọmọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa o."

"Ọmọ mi? Ó ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Sukumaran! Ṣé o ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn?"

Ọkọ mi jáde. Ó gbé ẹ̀rọ ìfínko náà dání, ó gbé e kalẹ̀ níwájú fọ́máànù. Ọkùnrin náà ní láti gbé e kọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ kó tó lè gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ènìyàn kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Divakaran wọlé pẹ̀lú òórùn lọ́fínńdà, ó kí gbogbo ènìyàn, ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí alága ní kó sọ tẹnu rẹ̀, ó dìde.

"Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí. Oògùn tí mò ń lò yìí, gbogbo àgbáyé ló ń lò ó. Àwọn tó tà á fún mi ló sọ fún mi pé ọmọ ìkókó lè mu ún kó má ṣe nǹkan kan. Bí omi ló rí tó bá ti gbẹ sára ewé. Màmá wa ti dàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ àṣìṣe ni wọ́n ṣe."

Ìyá ọkọ mi kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó dìde níbi tó jókòó sí nílẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó rìn lọ síwájú. Ọlọ kékeré ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ló yọ ìdì ẹ̀yìn olobe kan, tí ewé rẹ̀ ti ń rọ. Àná ọjọ́ náà ló já a létí oko kan náà, níbi tí ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ Sukumaran, tí wọ́n sì tún ti fín in. Ó kúnlẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́. A ń gbọ́ bí òkúta ṣe ń ha òkúta. Ó da wàrà lé e, ó rò ó pọ̀, ó bù ú sínú èèpo àgbọn, ó sì gbé e lọ bá Divakaran.

"Gbà. Mu."

Divakaran rẹ́rìn-ín. "Màmá, ara mi le. Kò sí ibà lára mi."

"Kì í pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Lọ́dọọdún nínú òjò ni mò ń mu ún. Ìyá rẹ mu ún lọ́wọ́ mi nígbà tí oyún rẹ wà níkùn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Òun ló jẹ́ kí o wà láyé tí o fi ń fín in. O ní ọmọ ìkókó lè mu ún. Ìwọ kì í ṣe ìkókó. Mu ún."

"Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ṣé eré tíátà la wá ṣe níbí ni?"

"Ọ̀gá Divakaran," ni Subhadra wí, "ẹ̀yin lẹ sọ pé bí omi ló rí."

Ó na ọwọ́. Mo rí i. Ó gba èèpo àgbọn náà, ó gbé e dé ìsàlẹ̀ imú, òórùn rẹ̀ sì lù ú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì.

Láti ẹ̀yìn ni ohùn kan ti jáde, "Bhargavi mu ún o!" Ọkọ Bhargavi ni, ẹni tó fẹ́ wó ilẹ̀kùn wa. Ohùn bá sọ gèè. Sukumaran gun bẹ́ǹṣì, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí wọ́n rí i bí awọ rẹ̀ ṣe ń ṣí, ó ní òun lòun fín in, ọ̀gá ló rán òun, ẹni tó bá fẹ́ mú òun kó wá mú òun. Àwọn méjì míì tí wọ́n jọ ń fín oògùn dìde pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Divakaran mẹ́rìnlá tó kù jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mi ò bú wọn. Wọ́n ní ọmọ.

Wọ́n fẹ́ da ohun tó wà nínú èèpo àgbọn náà sóde. Mo ní kí wọ́n má dà á. Mo bù ú sínú ìgò, mo kọ ọjọ́ sí i lára, alága sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ìjọba. Nígbà tí èsì dé pé oògùn apakoríko wà nínú rẹ̀, ìgbìmọ̀ fòfin de fífín oògùn létí oko ìrẹsì, lójú ọ̀nà àti létí omi.

Divakaran gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ọdún méjì la fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, tí a ń di ìrẹsì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Lọ́jọ́ kan, agbẹjọ́rò rẹ̀ bi ìyá ọkọ mi pé, "Ìwé ẹ̀rí wo lẹ ní tí ẹ fi ń pe ara yín ní oníṣègùn?"

Ó dá a lóhùn, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí wo ló ní tó fi wo ọ́ dàgbà?"

Adájọ́ kìlọ̀ fún un. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì tún un sọ.

A borí, bí ẹnìkan bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Òfin dúró létí oko àti létí omi. Lókè, nínú ọ̀pẹ̀yìnbó rẹ̀, ó ṣì ń fín tirẹ̀. Ilé mẹ́ta kò kí wa mọ́. Igi rọ́bà ẹlòmíràn ni Sukumaran ń kọ láti gba oje rẹ̀ nísinsìnyí, owó rẹ̀ kò sì tó ti tẹ́lẹ̀. Bhargavi ń ránṣọ fún wa, a jọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun kò ní fi ewé kan sẹ́nu mọ́ láyé òun. Ìyá ọkọ mi ní ó tọ̀nà.

Odindi òjò méjì ni kò fi já ewé létí oko yẹn. Òdìkejì odò ló ń rìn lọ, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tí òjò kẹta dé, ó jí mi ní ìdájí, ó ti agbọ̀n sí mi láyà.

"Vilasini, dìde. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìwọ ni yóò fà á."

A sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn olobe ti bo etí oko lọ rẹrẹ. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú kí gbòǹgbò má baà já, mo sì ń fà á. Láti òkè, ohùn fọ́máànù ké, "Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Chirutha ni! Èmi àti ìyàwó mi! Bó bá dùn ọ́, sọ̀kalẹ̀ wá!"

A dúró díẹ̀, a ń wo òkè. Kò sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ máa wòran, kí n fi ewé kún agbọ̀n.