Ìdajì Tí Katakata Tú

Awakọ̀ katakata ni ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ ìtúlẹ̀ ló fi kọ́lé, òun ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí títí ó fi relé ọkọ, kò sì sí orúkọ mìíràn tí àdúgbò mọ̀ ọ́n sí ju Ọ̀gá Katakata lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, oko ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni oko náà wà, ilẹ̀ tí bàbá ìyàwó fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un á dúró lẹ́bàá títì, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, tí lékeléke ń tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ á fara ti ògiri ilé ìdáná, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wọ́n obìnrin náà rárá, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, àbúrò ọkùnrin náà ti ìdálẹ̀ dé. Oko ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn olóko sì ti kógbá wọlé. Àpò aṣọ kan àti ọ̀pá onírin kan tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó ló gbé dé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ìyàwó, kò sì sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín sọ ọ́ ní Opéléńgé, nítorí kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní orúkọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn gan-an, á pè é ní ọkọ mi, bí gbogbo obìnrin ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, Ọ̀gá Katakata ń fi gíríìsì pa ẹsẹ̀ katakata, ó ń súfèé. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ oko mi lọ́dún yìí."

"Kí ló dé? Ṣé o ò ní gbin nǹkan ni?"

"Mo máa gbìn. Ilẹ̀ yẹn ló ti rẹ̀. Ọkọ mi ní ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ká má tú u mọ́."

Ọ̀gá Katakata gbé ojú sókè. "Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ọkọ mi kékeré. Opéléńgé ni."

Ó ti rẹ́rìn-ín wọlé tán kí ọkọ rẹ̀ tó mọ ohun tó máa sọ. Ọkùnrin náà fa gíríìsì sí ibi tí kò yẹ kó fà á sí. Láti ìgbà tó ti gbé e níyàwó ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ń pe ará ilé ní ọkọ, kò sì fìgbà kan dùn ún. Lọ́jọ́ yẹn, ó dùn ún.

Lálẹ́ níbi oúnjẹ, ó ní kí àbúrò rẹ̀ wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo kòtò tó wà nísàlẹ̀ oko yẹn," ni Opéléńgé wí. "Níbo lẹ rò pé erùpẹ̀ inú ẹ̀ ti wá? Tẹ́ ẹ bá ti túlẹ̀ tán tí òjò ńlá bá dé, ojú ilẹ̀ tó lọ́ràá ni ọ̀gbàrá ń gbé lọ. Ká jẹ́ kí pòròpórò ọdún tó kọjá wà nílẹ̀ kó bo ilẹ̀ náà. Ká kàn fi ọ̀pá dáhò, ká ju irúgbìn sínú ẹ̀, ká tún fi ẹ̀wà sáàárín rẹ̀. Ilẹ̀ á tún ara ẹ̀ ṣe."

"Ilẹ̀ á tún ara ẹ̀ ṣe," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ tẹ̀ lé e. "Èmi tí mo ti ń tú u láti ọjọ́ yìí, mò ń bà á jẹ́ nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó wí. Ṣùgbọ́n ó bu omi tútù sínú ife, ó sì gbé e fún Opéléńgé ná kí ó tó bu ti ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá Katakata rí i, ó sì fi í pamọ́ sínú.

Láti ọjọ́ náà ni ojú fèrèsé ẹ̀yìn ti di ibùjókòó rẹ̀. Tó bá ti oko olóko dé, dípò kó wẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí pẹ̀lú epo dísù lára. Á máa wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, tí àbúrò ń dáhò, tí ìyàwó ń ju àgbàdo sí i, tí ó sì ń fẹsẹ̀ dí i. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lóṣòó síbi kan náà, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ẹlẹ́rìn-ín ká pòròpórò sókè, ó pariwo ẹ̀rín.

"Ọkọ mi, wá wò ó! Ekòló mà ti dé."

Ekòló ni wọ́n torí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Katakata gbìyànjú láti rántí ìgbà tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí òun bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, kò rí i rántí, ó wá lọ pa ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dé gbàmù.

Níta náà, wọn kò jẹ́ kó sinmi. Ó gbé katakata lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì sì bá a sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ pé ìyàwó tiyín gan-an ò fẹ́ kẹ́ ẹ túlẹ̀ òun mọ́?"

Àwọn tó jókòó lórí táyà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó wọ òun lára.

Ohun kan tù ú nínú lọ́dún náà. Koríko bo oko ìyàwó rẹ̀ débi pé òun àti Opéléńgé ń fọwọ́ tu ú látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àgbàdo tó sì jáde kéré sí tàtẹ̀yìnwá. Ọ̀gá Katakata wo ìdí àgbàdo kéékèèké tí ìyàwó rẹ̀ tò sẹ́bàá ilé, inú rẹ̀ dùn. Ojú tì í díẹ̀ pé inú òun dùn, ṣùgbọ́n ó dùn síbẹ̀. Ó ń retí kí obìnrin náà wá bá òun kó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá tú u. Ó ti ronú ohun tó máa fi dá a lóhùn, tí kò ní le jù, tí kò sì ní rọ̀ jù.

Kò wá. Nígbà tó sú u, òun fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ṣé o ti wá rí i pé kò gbè yín?"

"Ẹni tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́tipẹ́, ṣé ọjọ́ kan ló máa fi gbádùn?" ni obìnrin náà fèsì, ó sì ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀, ó sì dá pátápátá nígbà tí àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ewé àgbàdo ká kò lóko gbogbo èèyàn. Ti ẹ̀yìnkùlé wọn nìkan ló tutù yọ̀yọ̀, torí pé lábẹ́ pòròpórò tó bo ilẹ̀, ọ̀rinrin ṣì wà. Àwọn èèyàn ń yà wá wò ó. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi ọwọ́ ká pòròpórò hàn wọ́n, ó sì ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé, "Ọkọ mi ló kọ́ mi." Àwọn àlejò á wá kí Ọ̀gá Katakata kú iṣẹ́. Á dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Nígbà tí ọdún yípo, tí òjò sì fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin wọn bímọ, Ẹlẹ́rìn-ín sì lọ tọ́jú rẹ̀. Kí ó tó lọ, ọ̀dọ̀ Opéléńgé ló dúró sí jù, ó ń sọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbìn fún un. Ọkọ rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ lọ sójú títì. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, obìnrin náà yọ orí jáde, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi kó má gbàgbé ẹ̀wà o."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Opéléńgé lọ wá irúgbìn. Ọ̀gá Katakata jókòó sójú fèrèsé, ó wo oko náà títí. Ó dìde, ó so irin ìtúlẹ̀ mọ́ katakata, ó sì gbé e wọ inú oko náà lọ.

Ohun tó ń fẹ́ ni kí ilẹ̀ náà bá òun jà. Kò bá a jà. Ó là fún un wẹ́rẹ́, ó dúdú, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́, irú òórùn tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń túlẹ̀. Lékeléke sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ, wọ́n ń ṣa ekòló lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè. Èyí tún bí i nínú sí i. Ó tẹ iná mọ́ ọn. Ó ti tú ìdajì tán kí ó tó rí àbúrò rẹ̀ tó dúró lórí ààlà pẹ̀lú àpò irúgbìn léjìká.

Opéléńgé kò dí i lọ́nà. Ó kàn dúró títí katakata fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí n kúrò nílé yín ni?"

"Ó ń pè ọ́ ní ọkọ," ni Ọ̀gá Katakata wí. Kò mọ̀ pé òun máa sọ ọ́ síta.

Opéléńgé wò ó lójú bíi pé ó ń retí kó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń pe àbúrò wa obìnrin pàápàá ní ọkọ. Ó ń pe ọmọ ọwọ́ inú ẹbí wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín ní ọkọ. Ṣé gbogbo wa la fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín?"

Ọkùnrin náà pa iná katakata. Kò rẹ́rìn-ín, àbúrò rẹ̀ náà kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín dé, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ gbà lọ, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá wọ yàrá tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí.

"Ìwọ lo ṣe é?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra, obìnrin náà kò pè é ní ìwọ rí. Ọkùnrin náà ní òun ni. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló fà á, ọkùnrin náà sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ife omi títí dé orí ekòló. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń kéré sí i létí òun fúnra rẹ̀. Ó wá parí rẹ̀ báyìí: "Nígbà tí mo bá ń túlẹ̀ fún ọ, o máa ń dúró wò mí."

Ẹlẹ́rìn-ín gbé báàgì sílẹ̀.

"Mò ń dúró wò ọ́, ṣùgbọ́n o ò bi mí léèrè rí pé kí ni ilẹ̀ náà ń mú jáde. Ẹnì kan wá bi mí, mo dá a lóhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. "Ìdajì tó o tú, tìẹ ni. Ìwọ lo máa gbìn ín, ìwọ lo máa tọ́jú ẹ̀. O ò sì gbọ́dọ̀ gbé katakata débẹ̀ mọ́. Tí ilẹ̀ yẹn bá padà bó ṣe wà, ká tún jọ sọ̀rọ̀."

Yàrá ọmọ wọn ló sùn láti ọjọ́ náà.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ìdajì ti ọkọ ní ìhòòhò. Ọ̀gbàrá la ojú ẹ̀, ó gbé irúgbìn àti erùpẹ̀ lọ sínú kòtò, èyí tó ṣẹ́ kù sì gan bí ògiri nígbà tí oòrùn ràn. Ní ìdajì kejì, omi wọlẹ̀, kò sì sí ohun tó mì. Kò sí ẹ̀kọ́ tí Opéléńgé lè kọ́ èèyàn tó dára tó èyí. Ẹni tí kò wá wo oko náà lọ́dún ọ̀dá wá wò ó báyìí. Àwọn oníbàárà Ọ̀gá Katakata gan-an dúró lórí ààlà, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, púpọ̀ nínú wọn kò sì pè é síṣẹ́ lọ́dún náà.

Ó tún un gbìn. Ó fi ọ̀pá dáhò pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó, ó fi ẹ̀wà bo àárín ẹ̀, ó ń lọ bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n má sun pòròpórò oko wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi kẹ̀kẹ́ rù ú wálé láti fi bo ilẹ̀ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó nípọn sí i lápá ibi tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn." Ó ti lọ jìnnà kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀ pé "ẹ" ló fi pe òun, kì í ṣe "ìwọ".

Ọdún náà kò parí tí Opéléńgé fi rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olóko kan ní òdìkejì odò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi katakata gbé e lọ. Àwọn méjèèjì jọ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọ̀gá Katakata rò pé òun máa bá ara tó fúyẹ́ délé. Ó délé, ó jókòó sójú fèrèsé, ó wo ìdajì ìyàwó rẹ̀ tó tutù, tó sanra, ó wo tòun tó ṣì pọ́n kàlákàlá, owú náà sì tún gbéra nínú rẹ̀ bíi pé kò sẹ́ni tó lọ ibì kankan.

Ẹlẹ́rìn-ín ti padà sí yàrá wọn nígbà tí ìkórè fẹ́ẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, ta ló kó pòròpórò mi?"

"Pòròpórò wo?"

"Èyí tí mo kó jọ sẹ́bàá ògiri. Mo rí ojú ọ̀nà tí wọ́n wọ́ ọ gbà. Inú oko yín ló lọ."

Ọkùnrin náà yọ ẹ̀rún pòròpórò kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Tìẹ ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ ẹ ò nílò rẹ̀."

"Òun lẹ fi jí i." Ó ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i. "Ẹ lọ kó o padà fún mi."

Ọkọ rẹ̀ kó díẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, ó gbé kẹ̀kẹ́, ó lọ bá àwọn tó ń pa ẹ̀wà lójú títì, bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun gba èèpo rẹ̀ fi bo ilẹ̀ òun kí ẹlòmíràn tó dé.