Ìlà Tí Hàmdálàt Pa Lẹ́nu Mọ́

"Jimoh, ìwọ lo kọ ibi tí orúkọ ń gbà wọlé, àbí?"

Ọ̀gá Tìjání kò gbé ohùn sókè. Ó ti gbé àpótí náà kalẹ̀ sórí tábìlì ńlá tó wà láàárín yàrá iṣẹ́, ó sì ti fa àga kan, àmọ́ kò jókòó. Irú àpótí tí wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí nílé ìwòsàn ni, kí ara ọmọ lè móoru. Ilé iṣẹ́ kékeré tiwọn ní Ìlúpéjú ló ń ṣe é. Àwọn kan ń gé irin, àwọn kan ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù, àwọn mẹ́rin péré ló sì ń kọ kóòdù tó ń darí rẹ̀.

"Èmi ni, sà," Jimoh dáhùn.

"Nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nílé ìwòsàn tó wà ní Ọgbà lánàá. Wọ́n gbé ooru rẹ̀ sí mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì máa fi padà débẹ̀, ó ti di mọ́kàndínlógójì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé obìnrin náà fọwọ́ kan ọmọ kó tó wo ojú ẹ̀rọ. Ọmọ wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní gẹ́rẹ́ tí àwọn kọ orúkọ ìyá ọmọ wọlé ló bẹ̀rẹ̀. Kọ lẹ́tà fún mi kí a tó ṣíwọ́ lónìí. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ jókòó sílé ná títí n óò fi pè ọ́."

Jimoh ní ó ti gbọ́. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nídìí títún rédíò ṣe ní Agége, tó sì fi ìwé tí ẹnìkan ya fún un kọ́ ara rẹ̀ ní C, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, kò dájú pé ibòmíràn á gbà á.

Ọ̀gá yíjú sí Hàmdálàt. "Ìwọ ni olùyẹ̀wò wa. Lọ sí Ọgbà báyìí, kí o lọ wo ohun tí wọ́n kọ gan-an."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Hàmdálàt Làsísì. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kíkọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ tó máa ń ka kóòdù tí àwọn yòókù bá kọ, láìtan ẹ̀rọ rárá, bí ẹni ń ka ìwé àdéhùn kó tó buwọ́ lù ú. Ibi tí ó bá rí tí ewu lè gbà wọlé, á tọ́ka sí i, á kìlọ̀. Kò sí iṣẹ́ tó rí tí kò ní í rí àléébù lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Jimoh fi sọ ètò náà ní Ìyá Ọkọ, tí orúkọ náà sì mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Ní Ọgbà, Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé mú un wọ yàrá àwọn ọmọ, ó sì fi fóònù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ránṣẹ́ sínú àpótí hàn án.

"Tẹ́lẹ̀, a kì í fi àmì sórí orúkọ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Fóònù ìgbà yẹn kò tiẹ̀ ní àmì. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fún wa ní tuntun. Tíṣà Yorùbá sì ni ìyá ọmọ yìí. Ó ní bí n kò bá fi àmì sí i, orúkọ òun kọ́ nìyẹn. Mo wá rọra tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe fẹ́."

Hàmdálàt wo ojú fóònù. Olúwafúnkẹ́mi Ọ̀ṣínọ́wọ̀.

"Àbúrò, ẹ sọ òótọ́ fún mi," Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé wí. "Ṣé èmi ni mo ba nǹkan yín jẹ́?"

"Rárá, mà. Orúkọ tó tọ́ lẹ kọ. Àwa la kò fi àyè sílẹ̀ fún un."

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, ó fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan. Fóònù náà kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́rìnlélógún lọ. Bí a bá ka àlàfo tó wà láàárín orúkọ méjèèjì mọ́ ọn, ogún péré ni orúkọ ìyá yìí. Ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń ka lẹ́tà kọ́ ni ẹ̀rọ ṣe ń kà á. "O" lásán gba àyè kan nínú ẹ̀rọ. "Ọ̀" tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀ gba àyè márùn-ún. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Àyè méjìlélọ́gbọ̀n sì ni Jimoh là sílẹ̀ fún orúkọ. Èyí tó ṣẹ́kù ti dà sórí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni ìwọ̀n ooru. Nígbà tí ẹ̀rọ rí nọ́ńbà tí kò bójú mu níbẹ̀, ó gbé ooru lọ sí ibi tó ga jù.

Ohun tó wá bà á lẹ́rù ni pé ìyá yìí kò mọ nǹkan kan, ó kàn fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun dáadáa ni. Ẹni tó bá mọ̀, tó sì ní ibi nínú, lè dúró sẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́ sí àpótí ọmọ tí kò rí rí.

Nígbà tí Hàmdálàt dé, Jimoh ń fi bírò kọ lẹ́tà rẹ̀ nídìí fèrèsé. Ó béèrè ohun tó rí, Hàmdálàt sì ṣàlàyé fún un.

"Àmì," ni Jimoh wí. Ó mi orí. "Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá, n kò ronú kan àmì." Ó wo Hàmdálàt fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan sí i, àmọ́ ó padà sídìí lẹ́tà rẹ̀.

Hàmdálàt tan láàpútọ́ọ̀pù, ó ní kí Ìyá Ọkọ tún gbogbo kóòdù náà kà. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ti parí. Kò rí nǹkan kan wí sí ìlà kóòdù tó ń gba orúkọ wọlé. Èyí ya Hàmdálàt lẹ́nu. Ẹni tó máa ń ráhùn nítorí ohun tí kò tó nǹkan, báwo ló ṣe máa fojú fo irú èyí? Ó wá ṣí ojú ewé kan tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìkìlọ̀ tí wọ́n bá ti pa lẹ́nu mọ́ sí, kí ètò náà má bàa sọ wọ́n mọ́. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ìyá Ọkọ ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Nísàlẹ̀ ìkìlọ̀ náà ni ẹnìkan kọ ìdí sí: "Kò léwu. Fóònù kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́rìnlélógún lọ. H. L."

Òun fúnra rẹ̀ ni H. L.

Ó rántí ọjọ́ náà. Jímọ̀ kan nínú oṣù ààwẹ̀ ni, wọ́n sì fẹ́ kó àpótí fún àwọn ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ìkìlọ̀ pọ̀ bí eṣú, ó sì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè bá ìrun Jímọ̀. Jimoh wá bá a nídìí iṣẹ́. Ó ní, "Hàmdá, Ìyá Ọkọ ń wí nǹkan sí ìlà mi. Ṣé kí n fi òdiwọ̀n sí i?" Òun kò gbójú sókè tó fi dáhùn pé, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó."

Kò sí ẹlòmíràn tó lè rí ojú ewé yìí. Bí wọ́n bá tún ìlà náà kọ, ìkìlọ̀ á lọ, ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ á bá a lọ. Ọ̀gá sì ti ní láti oṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò máa ṣe olórí àwọn tó ń kọ kóòdù. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ṣàdúà lé e.

Ó wo nọ́ńbà tó wà lókè ojú ewé náà. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni àwọn tó pa lẹ́nu mọ́. Bí Jimoh bá gba ẹ̀bi yìí lọ sílé, ta ni yóò tún padà wá wo àwọn yòókù? Ó dìde, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù náà bí ó ṣe ṣí, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

Ọ̀gá Tìjání kà á tán, ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ?"

"Kò sí ẹlòmíràn tó rí ojú ewé yìí, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi gbé e wá?"

"Sà, ìlà ẹ̀gbọ́n Jimoh kan ṣoṣo kọ́. Ohun tí mo fi ìkánjú ṣe pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìyà jẹ wọ́n, a máa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán."

Ní ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ń ké, ó dákẹ́, ó tún ké.

"Ọ̀rọ̀ ipò olórí yẹn, a óò fi í sílẹ̀ ná," ni Ọ̀gá wí. "Láti òní lọ, ẹnìkan ṣoṣo kò gbọdọ̀ pa ìkìlọ̀ kankan lẹ́nu mọ́. Ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i. Ilé ìwòsàn mẹ́tàdínlógún ló ń lo àpótí wa. N óò pè wọ́n fúnra mi nísinsìnyí, kí wọ́n má fi fóònù kọ nǹkan kan sí i mọ́ títí a óò fi tún un ṣe. Lọ sọ fún Jimoh kó má lọ sílé."

"Ẹ ṣé, sà."

"Má dúpẹ́. Iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Jimoh ti ká lẹ́tà rẹ̀. Hàmdálàt dúró níwájú rẹ̀, ó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Mo rántí," ni Jimoh wí. "Mo rántí pé o ní kí n fi sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà yìí. Orúkọ rẹ wà nínú àkọ́kọ́. Mo fà á ya."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ká ní o dákẹ́ ni, bí Ọ̀gá bá tiẹ̀ pè mí padà, n kò ní í wá mọ́."

Hàmdálàt kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Inú ń bí mi," Jimoh wí jẹ́jẹ́. "N kò lè purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n yóò rọlẹ̀. Dìde."

Ó fa àga rẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé, ó gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hàmdálàt, ó sì nu ìgò ojú rẹ̀ mọ́ etí ẹ̀wù.

"Mélòó lo ní ó wà níbẹ̀?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá."

"Ṣí èkíní."