Fìlà Àǹtí Sumie

"Bùrọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kàn mí o."

Nobue ti dúró síwájú àpótí gíláàsì kan, ife omi wà lọ́wọ́ ẹ̀, inú ń bí i. Inú ilé ìrántí àwọn tí bọ́ǹbù pa ní Hiroṣima ni wọ́n wà. Fìlà òwú Àǹtí Sumie, àbúrò ìyá wọn, ló wà nínú àpótí yẹn, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé fi ń bo orí nígbà ogun. Ó ti jó lápá kan. Tetsuji, ẹ̀gbọ́n Nobue ọkùnrin, ló gbé e fún ilé ìrántí yẹn láì bi àbúrò ẹ̀, ikú ìyá wọn ò sì tíì pé ọdún kan.

"Wọn kì í gbé omi wọ ibí," Tetsuji ní. "Má dójú tì mí."

"Ojú wo lẹ ní? Orí pẹpẹ àwọn òkú ilé lẹ ti jí i."

"Èmi ni àkọ́bí. Èèyàn kì í jí nǹkan ilé ẹ̀."

"Àkọ́bí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá wo ìyá ẹ̀. Tó bá tiẹ̀ wá."

Àràárọ̀ ni ìyá wọn máa ń gbé omi tútù síwájú fìlà yẹn kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Lọ́jọ́ bọ́ǹbù, Sumie àbúrò ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún omi títí ó fi kú. Kò fún un, torí àwọn àgbà ti ní ẹni tó jóná tó bá mumi, kíá ló máa kú. Látìgbà yẹn, kò dárúkọ Sumie mọ́ láyé ẹ̀. "Ọmọ yẹn" ló ń pè é. Orúkọ tí wọ́n rán mọ́ fìlà ni Nobue fi mọ̀ ọ́n, òun ló sì gba omi gbígbé lọ́wọ́ ìyá nígbà tára ò gbé e mọ́.

"Tó o bá kú ńkọ́?" Tetsuji ní. "Àwọn ọmọ ẹ wà ní Tokyo. Wọ́n á kó fìlà yẹn mọ́ pàǹtí ni."

Ọmọ Nobue obìnrin ti sọ ọ́ rí pé nǹkan yẹn ń rùn.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn rìn sún mọ́ wọn. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé omi síta. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba fìlà yín padà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ kàn sọ ọ́ ni."

"Mo fẹ́ gbà á."

Tetsuji pòṣé.

Ibi tí wọ́n dúró sí làwọn ọmọ iléèwé kan bá wọn. Ọmọbìnrin kan fi imú ẹ̀ kan gíláàsì, ó ń ka ohun tó wà lára fìlà. "Sumie. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá."

"Ẹgbẹ́ wa ni," èkejì ní. "Sumie."

"Sumie," ẹlòmíì tún pè é, bí ìgbà téèyàn ń pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì.

Nobue ò gbọ́ kẹ́nì kan pe orúkọ yẹn rí. Òun fúnra ẹ̀, tó bá gbé omi sílẹ̀, "ọmọ yẹn" náà ló ń pè é.

"Mà, ṣé ká lọ gbé fìlà yẹn jáde?" òṣìṣẹ́ yẹn bi í.

"Rárá. Ẹ fi í síbẹ̀."

Tetsuji ti ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti wá rí i pé—"

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́. Torí pé wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ níbí ni, kì í ṣe torí tiyín. Tí ọdún Màámi bá pé, ẹ má wá sílé mi. Ibí ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ jí."

Ó yà fáwọn ọmọ yẹn, ó sì gba ẹnu ọ̀nà lọ tòun ti ife omi ẹ̀. Tetsuji pè é. Ó ń lọ ní tiẹ̀.