Àwo Oúnjẹ Anselmo

Ọjọ́ karùn-ún nínú àdúrà òkú ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án náà ni ìyá Rosenda lọ ṣí fèrèsé. Rosenda ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi í sílẹ̀ ní títì, ṣùgbọ́n Ìyá ní ibo ni ọmọ òun fẹ́ gbà wọlé wá jẹun. Ó bu ìrẹsì àti adìẹ sínú àwo, ó gbé e síwájú ère Màríà.

Anselmo, àbúrò Rosenda, ti kú sójú ogun ní Spéènì. Apá ìjọba ló jà fún. Ní Manila, ìlú wọn tí Spéènì ti jọba lé rí, lọ́dún náà, láàárín àwọn ọlọ́lá tó ń sọ èdè Spéènì, ẹnikẹ́ni kì í sọ irú rẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀gágun tó dìde sí ìjọba ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Àwọn ọmọ wọn ń wọ ẹ̀wù búlúù, wọ́n ń na ọwọ́ ọ̀tún sókè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Don Leandro ni olórí wọn. Òun náà ló ni iléeṣẹ́ ṣúgà tí ọkọ Rosenda ti ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Òun ló ń kọjá lọ nírọ̀lẹ́ yẹn tó gbọ́ àdúrà òkú láti ojú fèrèsé. Ó fi àwọn ẹlẹ́wù búlúù rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn wá bá wọn kẹ́dùn. Ọkọ Rosenda dìde.

Don Leandro wo àwo náà. "Rosenda, ta ló ṣaláìsí tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Rosenda, pé ìbátan kan ní ìgbèríko ni. Ṣùgbọ́n ó rántí Pétérù nídìí iná, tó ní òun kò mọ ọkùnrin náà.

"Anselmo ni, Bàbá."

"Anselmo tí mo gbé fún ìrìbọmi?"

"Òun ni. Ẹ̀bá Madrid ló kú sí, láàárín àwọn tí ẹ̀yin ń bá jà."

Ìyá ló sọ̀rọ̀.

"Leandro, o dí ọ̀nà mọ́ ọmọ mi. Sún díẹ̀, kó ráàyè dé ìdí oúnjẹ rẹ̀."

Don Leandro wẹ̀yìn. Àárín fèrèsé àti àwo ló dúró sí lóòótọ́. Ó sún.

Ohùn kan bi í láti ìsàlẹ̀ pé ta ló kú. Ó lọ sójú fèrèsé.

"Ọmọ mi kan ni," ló wí fún wọn. "Ẹ máa lọ."

Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá àdúrà lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra gbà á. Títí wọ́n fi ṣe àmín, kò wo ojú ọkọ Rosenda, Rosenda kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò ṣílẹ̀kùn iléeṣẹ́ fún ọkọ òun lọ́la.