Alága Ọjọ́ Ìràwọ̀

Bí èèyàn bá ní nǹkan kékeré tó fẹ́ kó bàjẹ́ pátápátá, kó gbé e fún Bàbá Motún ní Rantya, ní ìlú Jos, kó ní kó bá òun ṣètò rẹ̀. Adérìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí inú ilé kan náà ni wọ́n ti di arúgbó. Síbẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi kó bá ara rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Ojú òsì rẹ̀ ti kú, dọ́kítà sì ti sọ fún un láìfi bọpobọyọ̀ pé ọ̀tún náà ń múra àtitẹ̀lé e. Ọjọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Tíṣà ni bàbá náà, láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé e wá sí Plateau. Nígbà tí Adérìnsọ́lá wà lọ́mọdé, òun àti bàbá rẹ̀ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan sí ẹ̀bá adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ní Rayfield. Ni bàbá bá pariwo pé ìràwọ̀ ń já. Kí ọmọ tó gbójú sókè, ó ti parí. Ọmọ bú sẹ́kún, bàbá ní kó dákẹ́, òmíràn ń bọ̀. Adérìnsọ́lá sì ti ń retí òmíràn yẹn láti ọjọ́ náà. Ó ti bímọ, ó ti rí ọmọ-ọmọ, kò tíì rí i. Ní báyìí tí ojú ń lọ, ó ń bà á lẹ́rù pé kò ní í rí i mọ́.

Motún, àbígbẹ̀yìn wọn, ló ka ìròyìn náà lórí fóònù, pé ní alẹ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ìràwọ̀ yóò máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, léraléra.

"Mummy, wallahi, ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan," ni Motún wí. "Daga gida ma, láti inú ilé yìí lẹ máa ti rí i. Ẹ kàn paná, ẹ jókòó síta, ẹ gbójú sókè. Shikenan, ó parí."

Adérìnsọ́lá ti rí gbogbo rẹ̀ lọ́kàn: àga kan, súwẹ́tà, ife tíì kan tó gbóná. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara, ó sọ ọ́ létí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà yọ awò ojú, ó ronú díẹ̀.

"Ta ló máa jẹ́ alága?" ló bi í.

Olúgbóyèga lorúkọ Bàbá Motún, ọ̀gá sì ni nílé iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Onílé Yorùbá ní àdúgbò wọn. Bí ó bá fẹ́ pa adìẹ, ìgbìmọ̀ ló máa kọ́kọ́ yàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìràwọ̀ ti ní alága ọjọ́, ó ti ní ẹ̀mísì, ó ti ní àlejò pàtàkì, ó sì ti ní àwọn tó ń bínú pé wọn ò fi orúkọ àwọn sí i.

"Bàbá Motún, ẹ jọ̀ọ́," ni Adérìnsọ́lá wí, "oṣù kẹjọ la wà. Òjò Jos ńkọ́? Ìkùukùu ńkọ́? Àwọn tó kọ ìròyìn yẹn, oòrùn ló ń ràn lọ́dọ̀ tiwọn lásìkò yìí."

"Mo ti rò ó," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "A ti gba àtíbàbà."

"Ẹ fẹ́ wo ojú ọ̀run lábẹ́ àtíbàbà?"

"Ṣé kí òjò wá máa pa Alhaji Taofeeq lórí ni? Ìwọ náà rò ó wò."

Ó rò ó wò lóòótọ́, kò rí ibi tó fẹ́ gbé e gbà. Àtíbàbà dé, àga oníke dé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, jẹnẹrétọ̀ tó máa fún un níná náà dé. Wọ́n so gílóòbù yípo ọgbà títí ẹni tó wà ní òpópó fi lè ka irun orí àwọn tó jókòó.

Nígbà tí alẹ́ ọjọ́ náà lẹ́, Alhaji Taofeeq wọlé pẹ̀lú agbádá olówùú tó nípọn. Pákó ló ń tà ní Katako, kò sì sí ayẹyẹ kankan ní Rantya tí kì í ṣe òun ni alága rẹ̀. Wọ́n mú un dé orí àga ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ibi tí Motún sọ pé ìràwọ̀ yóò ti máa yọ. Kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe nínú ìyẹn, nítorí pé alága gbọ́dọ̀ kọjú sí èrò.

Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ti ìgbàgbọ́. Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ti mùsùlùmí, kí inú má baà bí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mísì pe àwọn àlejò pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún padà pe àwọn tó gbàgbé, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà ni alága dìde láti sọ̀rọ̀.

"To, ẹ̀yin èèyàn mi," ni Alhaji wí, "ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ìràwọ̀ bá já, ẹni ńlá kan ló kú. Haba, èyí tí ẹ wá pè mí sí yìí, ẹni ńlá wo lẹ ní lọ́kàn?"

Ẹni ńlá ni gbogbo àwọn tó wà ní ìjókòó iwájú lójú ara wọn, ojú kálukú sì ti ń lọ sí ara ẹnì kejì. Bàbá Motún ló gba ẹ̀rọ náà, ó ní kí ọkàn wọn balẹ̀, pé bí ìràwọ̀ kan bá já lálẹ́ yìí, ti àwọn ará Abuja ni. Wọ́n ṣe àmín tó lágbára, wọ́n sì tẹ̀síwájú.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Adérìnsọ́lá jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, ó mú ife kúnù tí kò ráyè mu dání. Òtútù ń mú un. Bó ṣe gbé ojú rẹ̀ kan tó kù sókè ni gílóòbù gún un lójú. Ó ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ paná díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ padà pé bí wọ́n bá paná, báwo ni èèyàn ṣe máa rí alága? Inú bí obìnrin náà gan-an.

Òjò fín díẹ̀, ó dá. Ọ̀rọ̀ ò dá. Ìgbà tó rẹ gbogbo wọn lẹ́nu ni ẹ̀mísì ní ó ku àdúrà ìparí, ó sì pe Pásítọ̀ Akinolúwa. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ayé di ojú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé ohunkóhun tó bá ń já bọ̀ láti òkè, kó má já lé ẹnikẹ́ni lórí ní Rantya. Ibẹ̀ ló dé tí jẹnẹrétọ̀ fi húkọ́ bíi mélòó kan, tó sì kú. Òkùnkùn bolẹ̀. Pásítọ̀ kò wulẹ̀ sinmi, ó kàn fi ohùn kún ohùn ni.

Atẹ́gùn kan fẹ́ wá láti apá Rayfield. Adérìnsọ́lá dìde, ó fọwọ́ kan àwọn àga lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà, ó sì gbójú sókè. Ìkùukùu ti ya. Ìràwọ̀ kún ojú ihò náà, ó ń mì. Èyí kékeré kan ṣá bí ìgbà tí èèyàn ṣá ìṣáná, ó kú. Ó ń rò ó bóyá ojú rẹ̀ ló ń tàn án, ni èyí ńlá kan bá já. Orí táǹkì omi ilé wọn ló ti gbéra, ó gba ojú ọ̀run kọjá pẹ̀lú ìrù funfun tó gùn, ó sì wọ ẹ̀yìn àpáta lọ láìyára.

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. "Bàbá mi," ló sọ sábẹ́ ahọ́n, "òmíràn ti dé."

Ó bojú wẹ̀yìn kó lè pè wọ́n. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé ti di ojú tiwọn pinpin, orí wọn sì tẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà. Motún pàápàá kọjú fóònù sí bàbá rẹ̀, ó ń ká àdúrà sílẹ̀. Pásítọ̀ sì ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yajú, ibi tí a dé yìí gbẹgẹ́. Adérìnsọ́lá pa ẹnu dé. Kí wọ́n tó ṣe àmín, ìkùukùu ti padà bo ojú ọ̀run.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn, ọkọ rẹ̀ ń ṣàròyé pé ìràwọ̀ kò bọ̀wọ̀ fún àlejò.

"Ó já," ni Adérìnsọ́lá wí. "Ńlá kan. Nígbà tí ẹ ń gbàdúrà."

Ọkùnrin náà dìde jókòó. "O ò wá pè wá?"

"Pásítọ̀ ní kí a má yajú."

Ọkùnrin náà fa aṣọ borí. Obìnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé ní pálọ̀ Alhaji, Bàbá Motún dìde, ó ròyìn pé ètò yọrí sí rere, pé ìràwọ̀ ńlá kan fara hàn nígbà àdúrà ìparí. Alhaji ní kai, òun rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí òun. Ẹ̀mísì ní òun rí i kí Alhaji tó rí i. Pásítọ̀ ní ti òun, ẹ̀mí lòun fi rí i, ìyẹn ló sì dájú jù. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tí kò rí i mọ́.

Obìnrin kan yíjú sí Adérìnsọ́lá. "Màmá Motún, ẹ̀yin náà rí i?"

Kó tó lanu, ọkọ rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ṣáà mọ bí ojú ṣe ń ṣe é."

Wọ́n káàánú rẹ̀. Wọ́n ní sannu, Mama, Ọlọ́run á wò yín sàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, nítorí ọkọ tí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ló tún ń fi ojú òun ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wá bá mi fọwọ́ júwe ọ̀nà tó gbà lọ, kí èmi náà lè máa fojú inú wò ó."

Ọwọ́ dìde ní gbogbo pálọ̀. Ẹ̀mísì nawọ́ sí Katako. Alhaji nawọ́ sí àjà ilé. Àwọn kan nawọ́ sí ọ̀nà ọjà, àwọn kan sí ilé ìdáná, Pásítọ̀ sì fọwọ́ lé àyà. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Bàbá Motún nìkan ni kò tíì nawọ́. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá á bá òun ṣẹ́jú sí ibì kan, obìnrin náà sì ń wò ó padà láìṣẹ́jú. Ó dá ọwọ́ náà padà sórí itan.

"Ẹ ṣeun púpọ̀," ni Adérìnsọ́lá wí. "Mo ti rí i."