Wọn Ò Gbọdọ̀ Fi Orúkọ Lotte Sílẹ̀

"Daddy, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ ti lo oògùn yín, àbí ẹ tún ti fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí?"

"Ẹyẹlé ni mo kó o fún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́ pa wọ́n."

Bí Àrínọlá àti Mr Isaac ṣe ń kí ara wọn nìyẹn ní Thamesmead, ní London. Carer ni Àrínọlá, òun ló ń tọ́jú bàbá nílé. Júù ni bàbá. Ọmọdé ni bàbá nígbà tí àwọn òbí wọn fi wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin láti Berlin wá sí London, kí wọ́n lè sá fún ikú. Lotte, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, dúró sí Berlin, àwọn Násì tó ń ṣèjọba Jámánì nígbà náà sì mú un lọ pa. Kò ní sàréè. Ní ọdún 2014 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá nìkan ló kù nínú gbogbo ẹbí.

Àwọn ará Berlin kan, tí wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn tí Násì pa, wá tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ Lotte sára idẹ kékeré kan, kí wọ́n rì í mọ́ iwájú ilé tó gbé. Kí bàbá ṣáà gbà, kí wọ́n sì júwe ilé.

"Ibo ni wọ́n máa rì í mọ́?" Àrínọlá béèrè.

"Pavement, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀."

"Ilẹ̀ kẹ̀! Kí ajá máa tọ̀ sí i? Daddy, nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ ba tèèyàn jẹ́ ló ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ògiri ni kí wọ́n kàn án mọ́!"

Bàbá ní: "Òótọ́ ni. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tó."

Bàbá fúnra wọn tẹ onílé náà láago ní Berlin, pé kí ó jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri; onílé kọ̀, kò fẹ́ nǹkan kan lára ògiri òun. Bàbá ní kí àwọn ará Berlin ṣì dúró ná, wọn ò tíì júwe ilé fún wọn. Àrínọlá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Woolwich, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà kí ọkàn onílé rọ̀.

Kí ó tó rọ̀, bàbá sùn lórí àga, wọn ò jí mọ́.

Àrínọlá fúnra ẹ̀ pe àwọn ará Berlin. "Mr Isaac ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Lotte sílẹ̀, ẹ rì í mọ́ pavement náà. Ilẹ̀ náà dáa."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹbí wọn ni yín?"

"Daddy ni mò ń pè wọ́n."

"Ṣé ẹ mọ ilé tí Lotte gbé?"

Ó mọ orúnkún tó ń dun bàbá. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí ẹyin wọn rọ̀ tó. Kò béèrè ibi tí ilé Lotte wà rí.

Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí pavement. Ní Berlin náà, wọ́n á máa kọjá níwájú ilé kan báyìí, bàtà lẹ́sẹ̀, ajá lọ́wọ́. Kò sí orúkọ nílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò tẹ nǹkan kan.